Tí Fàdá bá ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji apànìyàn, kí ló tún ń wá ní kóòtù?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni mí. Ìjà fẹ́ẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tí a ti ń ka Bíbélì lórí ọ̀rọ̀ Duterte, olórí orílẹ̀-èdè Philippines tẹ́lẹ̀, tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù ní Hague. Àwọn kan ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kó bá Ọlọ́run ẹ̀ parí ẹ̀, torí Jésù ní ká dárí jì nígbà àádọ́rin lọ́nà méje. Ẹnìkan tún ní kóòtù òyìnbó ni, pé Vatican gan-an ò sí níbẹ̀. Sà, kí ni Ìjọ sọ? Ṣé èèyàn lè dárí jì kó tún máa fẹ́ kí wọ́n ṣẹjọ́ fún ẹni yẹn?"

Àbúrò mi, o ṣé tó o béèrè. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ lórí òfin Ìjọ àti ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo, irú ìbéèrè yìí ló sì máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù, torí àwọn méjèèjì tó ń jà ló ní ẹsẹ Bíbélì lọ́wọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ẹ yé, ẹ̀rù ń bà ẹ́ pé tó o bá ní kí wọ́n ṣẹjọ́ fún un, o ti kọ̀ láti dárí jì nìyẹn, tó o bá sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, o ti gbàgbé àwọn tó kú. Ibi tí mo dúró sí ni pé ìdáríjì kì í pa ẹjọ́ rẹ́. Ìjọ ò kọ́ wa pé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló ń parí ọ̀rọ̀ láàárín ẹni tó pànìyàn àti àwọn tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn òkú. Ti Duterte fúnra ẹ̀, 11 oṣù kẹta ọdún 2025 ni wọ́n mú un, lórí àwọn tí wọ́n pa nígbà tó ní òun ń bá àwọn oògùn olóró jà, àmọ́ afurasí ṣì ni, kóòtù ò tíì dá a lẹ́bi, ẹ má sì bá kóòtù dá a lẹ́bi nínú ẹgbẹ́ yín. Ìyẹn náà wà lára òdodo.

Ká kọ́kọ́ tú ohun tó lọ́ mọ́ra wọn. Kóòtù àgbáyé méjì ló wà ní Hague, ìlú kan ní Netherlands, tí àwọn èèyàn máa ń pè ní ọ̀kan. Ọ̀kan wà fún ìjọba sí ìjọba, kì í ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní ICC, ló ń gbọ́ ẹjọ́ èèyàn kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni wọ́n gbé Duterte lọ. Rome ni wọ́n ti fọwọ́ sí òfin ẹ̀ ní 17 oṣù keje ọdún 1998, orílẹ̀-èdè 120 ló dìbò pé àwọn fẹ́ ẹ, 7 ní àwọn ò fẹ́, 21 ò dá sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù keje ọdún 2002. Ẹni tó ní kóòtù òyìnbó ni, ẹ sọ fún un pé Senegal ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tó fọwọ́ sí òfin yẹn délẹ̀délẹ̀, àti pé ìjọba Uganda àti ti Congo ló fi ẹsẹ̀ ara wọn gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wọn lọ síbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó sọ ni irọ́, màá padà sí i.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni irú ẹ̀ṣẹ̀ tí à ń sọ. Ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn kọjá pé ẹnìkan bínú ó pa ẹnìkan. Bí òfin yẹn ṣe kọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkọlù tó gbilẹ̀ tàbí tí wọ́n jókòó ṣètò ẹ̀, tí wọ́n dojú ẹ̀ kọ àwọn ará ìlú, tí ẹni tó ń ṣe é sì mọ̀ pé ara ìkọlù yẹn ni ohun tí òun ń ṣe. Ìpànìyàn wà níbẹ̀, ìfiniṣẹrú, ìfipábánilòpọ̀, ìdánilóró, lílé àwọn èèyàn kúrò lórí ilẹ̀ wọn, kí wọ́n gbé èèyàn lọ kí ẹbí ẹ̀ má mọ ibi tó wà mọ́. Ẹ rò ó wò: ẹni tó bá ní agbára láti ṣètò irú nǹkan bẹ́ẹ̀, òun náà ló máa ń ní ọlọ́pàá lọ́wọ́, òun ló ń yan adájọ́, òun ló ni ẹ̀wọ̀n, ta ló fẹ́ mú un nílé? Ìdí nìyẹn tí òfin Rome fi ní ipò olórí orílẹ̀-èdè kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Síbẹ̀ kóòtù yẹn ò lè ṣáà wọlé olónílé, àyàfi tí orílẹ̀-èdè náà bá kọ̀ láti ṣẹjọ́ ọ̀hún lóòótọ́ tàbí tí agbára ẹ̀ ò gbé e. Ẹni tó bá mọ ẹ̀kọ́ àwùjọ ti Ìjọ wa máa rí i pé èyí ò ṣàjèjì sí wa rárá, torí láti 1931 ni Póòpù Pius kọkànlá ti ń kọ ọ́ pé ohun tí àwùjọ kékeré bá lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, kí èyí tó tóbi má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kó ràn án lọ́wọ́ ibi tí agbára ẹ̀ ò dé.

Kódà gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí jìn ju kóòtù náà lọ. Fàdá Dominican kan wà ní Salamanca ní ilẹ̀ Sípéènì láàárín ọdún 1500 sí 1550, Francisco de Vitoria, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ pé gbogbo ayé dà bí àwùjọ kan ṣoṣo tó lè ṣe òfin tó máa de gbogbo orílẹ̀-èdè, ìgbà yẹn gan-an sì ni àwọn ará ilẹ̀ ẹ̀ ń fìyà jẹ àwọn onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì bi wọ́n pé ẹ̀tọ́ wo ni wọ́n ní. Nígbà tó di 1965, Àpérò Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé, pe ìparun odindi ẹ̀yà ní ìwà ọ̀daràn tó burú jáì, wọ́n sì ní ẹni tó bá kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tọ́ sí ìyìn. Kátíkísìmù wa, ìyẹn ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ, nọ́ńbà 2313, ò fi ibì kan pamọ́: pé wọ́n pàṣẹ fún ẹ kò gbà ẹ́, dandan ni kó o kọ̀ tí wọ́n bá ní kó o lọ pa ẹ̀yà kan run. Ìwé àkójọ ẹ̀kọ́ àwùjọ tí Vatican gbé jáde ní 2004 náà sọ ọ́ ní nọ́ńbà 506 pé àwọn tó ṣe irú ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ láìdáhùn níwájú ìdájọ́. Ṣé o rí i pé Ìjọ ò sọ pé kí wọ́n lọ jẹ́wọ́ kó tán síbẹ̀?

Wàyí o, ká wá sórí ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà yín ti bẹ̀rẹ̀. Fàdá lè dárí ji ẹni tó pa ẹgbẹ̀rún èèyàn, mo gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dín àánú Ọlọ́run kù. Àmọ́ Kátíkísìmù yìí kan náà, nọ́ńbà 1459, sọ pé ìdáríjì ń mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, kò tún gbogbo ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún bàjẹ́ ṣe, onítọ̀hún ṣì gbọ́dọ̀ ṣe ìwọ̀n tó bá lè ṣe láti ṣàtúnṣe. Sákéù ò jókòó sórí ìdáríjì, fúnra ẹ̀ ló dìde tó ní òun máa dá ohun tí òun jẹ gbà padà lọ́nà mẹ́rin. Olè tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù, Párádísè ni wọ́n ṣèlérí fún un lọ́jọ́ yẹn gan-an, síbẹ̀ òun ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ìyà tó tọ́ sí àwọn ni àwọn ń jẹ.

Ẹni tí mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ ni Rudolf Höss, ọ̀gá àgọ́ Auschwitz ti àwọn Násì, ibi tí wọ́n ti pa èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ, tó jẹ́ pé Júù ló pọ̀ jù nínú wọn. Ilé Kátólíìkì ni wọ́n bí i sí, ó fi Ìjọ sílẹ̀ ní 1922. Nígbà tí kóòtù Pólàǹdì dájọ́ ikú fún un ní oṣù kẹrin 1947, ó ní kí wọ́n pe Fàdá fún òun, Jésúìtì kan tó ń jẹ́ Władysław Lohn sì wá bá a lẹ́wọ̀n ní Wadowice, ìlú tí wọ́n ti bí Póòpù John Paul Kejì. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀, ó gba Ara Olúwa lọ́jọ́ kejì, ó tún kọ ìwé láti fi bẹ àwọn ará Pólàǹdì. Ní 16 oṣù kẹrin wọ́n yẹgi fún un. Fàdá ò sọ fún ìjọba pé mo ti dárí jì í, ẹ tú u sílẹ̀, Höss náà ò sì béèrè ẹ̀. Lónìí a ò ní fara mọ́ igi tí wọ́n yẹ fún un yẹn, torí láti 2018 ni Póòpù Francis ti tún Kátíkísìmù kọ pé ìdájọ́ ikú ò ṣeé gbà mọ́ rárá, òfin ICC náà ò sì ní ìdájọ́ ikú: ẹ̀wọ̀n tí kò ju 30 ọdún lọ ni, àyàfi ibi tó bá burú kọjá ààlà tí wọ́n lè fi ẹ̀wọ̀n gbére sí i. Níbi ẹ̀wọ̀n gbére yìí Ìjọ tún ń bá kóòtù jiyàn díẹ̀, torí Francis ní 2014 pè é ní ìdájọ́ ikú tó fara pamọ́, Vatican fúnra ẹ̀ sì ti yọ ọ́ kúrò nínú òfin ẹ̀. Ní tèmi, ọjọ́ orí àti àìsàn lè yí bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹni tó wà lẹ́wọ̀n padà, ó sì yẹ kó yí i, àmọ́ kò lè ní kí wọ́n má béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Àádọ́rin lọ́nà méje ńkọ́? Pétérù ló bi Jésù pé ẹ̀ẹ̀melòó ni òun máa dárí ji arákùnrin tó bá ṣẹ òun. Òun. Ìwọ àti èmi ò lè máa dárí jì lórúkọ ìyá tí wọ́n yìnbọn pa ọmọ ẹ̀ níwájú ilé, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ wa, tá a bá sì ń fi ẹnu wa dárí jì nípò ẹ̀, àfikún ẹ̀ṣẹ̀ la dá sí i lọ́rùn. Nínú ìwé tí Póòpù Francis kọ ní 2020 lórí ìfẹ́ ará, ó ní ìdáríjì ò túmọ̀ sí pé kí aninilára máa bá ìnira lọ, àti pé ẹni tí wọ́n ṣe níbi ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdájọ́ òdodo. Wo John Paul Kejì náà: ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ağca yìnbọn fún un ní 13 oṣù karùn-ún 1981, ó dárí jì í, ó lọ bá a lẹ́wọ̀n ní oṣù kejìlá 1983, wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ bíi ọ̀rẹ́. Ọdún 2000 ni Ítálì tó tú ọkùnrin yẹn sílẹ̀, Póòpù ló bá a bẹ̀bẹ̀ nígbà yẹn, lẹ́yìn tó ti ṣẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kàndínlógún. Ìdáríjì wà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀wọ̀n náà wà, àwọn méjèèjì ò bá ara wọn jà.

Ibì kan wà tó ṣòro tí mi ò fẹ́ fi pamọ́ fún ẹ. Fàdá ò lè sọ fún ẹni tó wá jẹ́wọ́ pé mi ò ní dárí jì ẹ́ àfi tó o bá kọ́kọ́ lọ fara ẹ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ Vatican tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kedere ní 2019, wọ́n ní òfin ẹ̀dá ni pé a kì í fi ipá mú èèyàn fi ara ẹ̀ sùn. Fàdá lè gbà á níyànjú, ó lè bẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ rí i pé ìrònúpìwàdà ẹ̀ jẹ́ òótọ́. Àṣírí yẹn ò sì gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀ títí tó fi máa kú. Ohun tó ya àwọn kan lẹ́nu nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn ni pé ICC fúnra ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ìlànà iṣẹ́ kóòtù náà, nọ́ńbà 73, ní ohun tí wọ́n bá sọ níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ò ṣeé fi ipá gbà jáde. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí apànìyàn kan gba ìdáríjì kó má dé kóòtù láéláé. Ó ń dun àwọn tó ṣòfò, mo mọ̀, mi ò sì ní oògùn ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Vatican ńkọ́? Òótọ́ ni, kò sí nínú àwọn tó fọwọ́ sí òfin ICC. Àwọn aṣojú ẹ̀ wà ní Rome ní 1998, wọ́n sì jà fitafita lórí gbólóhùn méjì, ìyẹn bí wọ́n ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ nípa akọ àti abo, àti nípa oyún tí wọ́n fipá fún obìnrin, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n á fi ti òfin ìṣẹ́yún wọlé. Ẹni tó bá ka abala keje òfin ọ̀hún á rí ojú àpá ìjà yẹn. Ṣùgbọ́n ní 11 oṣù keje ọdún 2013 Póòpù Francis sọ ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn, ìparun ẹ̀yà àti ìwà ọ̀daràn ogun di ohun tí kóòtù Vatican fúnra ẹ̀ lè ṣẹjọ́ fún. Ohun tí mo rò ni pé Vatican máa ń fẹ́ kí ilẹ̀kùn òun ṣí sílẹ̀ fún ọ̀tún àti òsì. Wo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Ukraine tí wọ́n kó lọ sí Rọ́ṣíà: ní oṣù kẹta 2023 ICC gbé ìwé àṣẹ jáde pé kí wọ́n mú Putin lórí ẹ̀, lọ́dún yẹn kan náà Francis rán Kádínà Zuppi lọ sí Kyiv àti Moscow láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá àwọn ọmọ padà. Tó bá jẹ́ pé Vatican ló kọ ìwé àṣẹ yẹn, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún Zuppi ní Moscow? Ìdí yìí yé mi, àmọ́ mo ṣì gbà pé àìfọwọ́sí yìí ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa fúyẹ́ lẹ́nu wa nígbà míì.

Ohun tó tún ń mú kó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ ni ọwọ́ tiwa. Ní Rwanda, 1994, ní Nyange, nígbà tí wọ́n ń pa ẹ̀yà Tutsi run, àwọn Tutsi bí 1,500 sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi katakata wó ṣọ́ọ̀ṣì náà lù wọ́n mọ́lẹ̀, Fàdá ìjọ yẹn gan-an, Athanase Seromba, lọ́wọ́ sí i. Ó sá lọ Ítálì, ó ń ṣe iṣẹ́ Fàdá ní Florence lábẹ́ orúkọ mìíràn, kí kóòtù àgbáyé ti Arusha, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Rwanda, tó gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀: ọdún 15 ni wọ́n kọ́kọ́ fún un ní 2006, ní 2008 wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére. Sístà méjì láti Rwanda náà jẹ̀bi ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 2001. Bíṣọ́ọ̀bù Misago ti Gikongoro náà jẹ́jọ́, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní 2000 pé kò jẹ̀bi, ẹ ò wá rí i pé ohun tí ẹjọ́ wà fún nìyẹn, láti ya ẹni tó ṣe é sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò ṣe é. Ní Argentina, Fàdá tó wà pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá, Christian von Wernich, gba ẹ̀wọ̀n gbére ní 2007 lórí àwọn tí wọ́n dá lóró tí wọ́n sì pa nígbà ìjọba ológun. Lẹ́yìn ogun Hitler, Bíṣọ́ọ̀bù Alois Hudal ní Rome ran àwọn Násì lọ́wọ́ láti sá lọ, Franz Stangl, ọ̀gá àgọ́ Treblinka tí wọ́n ti pa àwọn Júù, wà lára wọn. Àánú ni Hudal pè é. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé àánú ni ká fi apànìyàn sílẹ̀, Hudal ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ní oṣù kẹta 2017 Póòpù Francis bẹ Ọlọ́run fún ìdáríjì níwájú Ààrẹ Kagame lórí àṣìṣe Ìjọ àti àwọn ọmọ ẹ̀ ní Rwanda, ó dáa tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó kàn pẹ́ gan-an ni.

Àmọ́ àwọn kan nínú wa ló gbé ẹ̀rí kalẹ̀ kí kóòtù tó débẹ̀. Ní Chile, láti 1976, ilé iṣẹ́ tí Kádínà Silva Henríquez dá sílẹ̀ ń kọ orúkọ àwọn tí ìjọba ológun Pinochet gbé lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ìwé yẹn ló sì wúlò ní kóòtù nígbà tó yá. Ní Guatemala, Bíṣọ́ọ̀bù Juan Gerardi ka ìròyìn lórí àwọn tí wọ́n pa nínú ogun ilẹ̀ náà jáde ní 24 oṣù kẹrin 1998, ní 26 oṣù náà wọ́n lu ú pa nínú gàráàjì ilé ẹ̀. Ní Philippines tí ọ̀rọ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀, Fàdá Flavie Villanueva ń hú òkú àwọn tí wọ́n pa, kí wọ́n lè ṣàyẹ̀wò wọn, kí ẹbí wọn sì lè sin wọ́n bó ṣe yẹ. Fàdá kan náà tó lè dárí jini ló ń gbé ẹ̀rí jọ.

Ìgbà wo ló ṣòro jù? Ìgbà tí ogun ò tíì tán. Ní 2005 ICC gbé ìwé àṣẹ jáde lórí Joseph Kony ní Uganda, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń jí àwọn ọmọdé gbé láti fi wọ́n ṣe sọ́jà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Odama ti Gulu sì wà lára àwọn tó pariwo pé ẹ dúró ná, ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin yìí padà sínú igbó, torí ọmọ tí wọ́n gbé lọ ni sọ́jà tí wọ́n máa yìnbọn pa. Odama kì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tí Kony ṣe, òun àti àwọn ọmọdé tó ń sá wá sùn nígboro lálaalẹ́ ló jọ sun ìta. Àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ń bá Kony ṣe ò rí ìbuwọ́lù, ó kọ̀. Àwọn kan ní ìwé àṣẹ ló ba á jẹ́, àwọn kan ní òun gan-an ló lé e wá sídìí tábìlì. Èmi rò pé ìdádúró lè tọ́ nígbà míì, kí ìbọn lè dákẹ́, àmọ́ àforíjì tí wọ́n bá fi pa ọ̀rọ̀ mọ́ títí láé máa ń bú padà: El Salvador ṣe é ní 1993, kóòtù ilẹ̀ wọn wọ́gi lé e ní 2016. Wo Dominic Ongwen náà, ọmọdé ni nígbà tí Kony gbé e lọ, ó dàgbà di ọ̀gá, ICC sì fún un ní ọdún 25 ní 2021. Wọ́n ro ti ìgbà èwe ẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń dájọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ rọrùn, kò tíì rò ó dáadáa.

Kí n padà sórí ẹni tó ní kóòtù òyìnbó. Ibi tó ti jàre ni pé Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ò sí nínú ẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé ọmọ Áfíríkà nìkan ló ń jókòó níwájú adájọ́ níbẹ̀. Kóòtù náà ò ní ọlọ́pàá tiẹ̀, ìjọba tó bá fẹ́ ló ń bá a múni. Àìṣòótọ́ ni kí òfin mú ẹni tí kò lágbára kó fi alágbára sílẹ̀, Ìjọ sì gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé ìyẹn ni ká béèrè pé kí wọ́n mú àwọn tó kù náà. Ìyá tó ń sunkún ní Manila ò ní rí ìtùnú nínú pé ẹnìkan ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibòmíì.

Sí ìbéèrè tó o fi parí, bẹ́ẹ̀ ni, o lè dárí jì kó o sì fẹ́ kí wọ́n ṣẹjọ́ fún un. Ohun tó yẹ kó o máa yẹ̀ wò lọ́kàn ẹ ni bóyá ìyà ẹni yẹn ló ń dùn mọ́ ẹ. Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, gbé e lọ síbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ kí òótọ́ jáde, kí wọ́n ka orúkọ àwọn tó kú, kí ẹni tó ṣe é má tún ṣe é mọ́, kí òun náà sì ráàyè ronúpìwàdà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún pàdé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìtàn Sákéù nínú Lúùkù orí 19, kí ẹ sì ka 1459 àti 2313 nínú Kátíkísìmù kí ẹnikẹ́ni tó gbé ohùn sókè. Tí ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ gbàdúrà fún àwọn tí wọ́n pa, fún ẹbí wọn, fún ẹlẹ́rìí tó máa lọ jẹ́rìí pẹ̀lú ẹ̀rù, àti fún Duterte náà.